Ẹsẹ̀ Yín Ni Kẹ́ Ẹ Wọ̀n Kẹ́ Ẹ Tó Náwó: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Bàtà Eré Sísá

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkun o. Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa eré sísá òwúrọ̀, lẹ́tà tó dé sọ́dọ̀ mi lórí bàtà pọ̀ ju ti ohunkóhun mìíràn lọ. Inú mi dùn sí i, torí pé ọ̀rọ̀ bàtà ká mi lára. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mo ti yan lẹ́tà díẹ̀ tó kan ọ̀pọ̀ yín.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Olùkọ́ ni mí ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Dókítà ní kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ra kánfáàsì tuntun, nọ́ńbà 39 tí mo ti ń wọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìka ẹsẹ̀ á máa ta mí, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti dúdú. Ṣé bàtà ni àbí ara mi ni?

Bàtà ni, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Nígbà tí ẹ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ a máa yọ̀ lọ sí iwájú nínú bàtà. Bí àyè ò bá sí níwájú, àtàǹpàkò ni yóò máa gbá ojú bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dì sábẹ́ èékánná. Dúdú tí ẹ rí yẹn nìyẹn. Ẹ má fà á tu, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́ kàn án. Yóò máa hù jáde fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lè lò tó ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù tán. Bí ó bá ń wú, tó ń gbóná, tàbí tó ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé 39 ìgbà yẹn kì í ṣe 39 ìsinsìnyí mọ́. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, àwọn iṣan tó so eegun ẹsẹ̀ pọ̀ a máa dẹ̀, ara á sì wúwo lórí wọn. Agbede àtẹ́lẹsẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ á gùn sí i, á sì fẹ̀ sí i. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ mẹ́rin, tí ẹ sì ń dúró lójú pátákó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, báwo ni ẹsẹ̀ yín ò ṣe ní yí padà?

Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilé ìwé dé, torí pé ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń wú nígbà tí èèyàn bá ń sáré. Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀ kó kan ògiri, ẹ dúró lé e lórí, kí gìgísẹ̀ kan ògiri náà. Kí ọmọ yín kan mú báírò ní ìdúró ṣánṣán, kó fi fa ìlà sí iwájú ìka tó gùn jù. Ẹ̀yin fúnra yín kọ́ ni kẹ́ ẹ fà á, torí bí ẹ bá ti tẹ̀ ba, ẹsẹ̀ ti kúrò ní bó ṣe wà. Ẹ wo ìka tó gùn jù dáadáa o, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ìka kejì ló yọrí ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọn kì í sábà dọ́gba, èyí tó gùn jù ni kẹ́ ẹ fi ra bàtà.

Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ wo inú ahọ́n bàtà náà. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi mẹ́rin lójú kan náà: ti Yúróòpù, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà, àti èyí tí wọ́n kọ CM tàbí JP sí. Ti CM yẹn ló ń sọ gígùn ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe bàtà náà fún, ẹ lè fi wé ohun tó wà lórí ìwé yín. Láti nọ́ńbà Yúróòpù kan sí èkejì, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílímítà 6.7 lọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bíi 8.5. Ẹ rí i pé kéèyàn fi nọ́ńbà kan lé e kì í ṣe nǹkan ìtìjú, kò tiẹ̀ tó fífẹ̀ ìka ọwọ́. Ilé iṣẹ́ kan sì lè pe bàtà ní 40 kó má dọ́gba pẹ̀lú 40 ti ilé iṣẹ́ mìíràn, torí náà nọ́ńbà kọ́ ló máa parí ọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ nínú bàtà ló máa parí ẹ̀. Irú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi sáré ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kẹ́ ẹ tó wọ bàtà yẹn rárá, ẹ yọ ìtẹ́dìí inú rẹ̀ jáde, ìyẹn pẹlẹbẹ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú bàtà, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ dúró lé e lórí. Bí ẹran ẹsẹ̀ yín bá ṣàn kọjá etí rẹ̀ lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, bàtà yẹn há jù, bó tiẹ̀ gùn tó. Ẹ béèrè ti ọkùnrin, torí wọ́n sábà máa ń ṣe é fẹ̀ ju ti obìnrin lọ. Bí ìtẹ́dìí bá gba ẹsẹ̀ yín, ẹ dá a padà, ẹ wọ bàtà, ẹ dìde dúró. Láàárín ìka tó gùn jù àti ojú bàtà, kí àyè tó fífẹ̀ àtàǹpàkò ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹ rìn. Ẹ sáré díẹ̀ níwájú ìsọ̀ náà, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Tí ọlọ́jà bá ní ẹ máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé yóò fẹ̀ tó bá yá, ẹ dá a padà fún un. Bàtà aláwọ lè fẹ̀, èyí kì í fẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ okùn. Ihò kan máa ń wà lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi okùn sí. Iṣẹ́ wà fún un. Ẹ mú okùn ọwọ́ ọ̀tún, ẹ tì í bọ ihò ọwọ́ ọ̀tún yẹn láti òde wá sínú, kẹ́ ẹ má fà á tán, kó ṣẹ́ ojóbó kékeré síbẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú okùn ọ̀tún gba inú ojóbó òsì, kẹ́ ẹ mú ti òsì gba inú ojóbó ọ̀tún, kẹ́ ẹ wá fà á wálẹ̀ kó fún gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ó. Gìgísẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́, ìka ẹsẹ̀ ò sì ní máa gbá iwájú nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Òkun o, Màmá. Ọmọ Ìsánlú ni mí. Mo ra òkìrìkà kan tó ń dán gbinrin, kò pé oṣù kan tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fi ṣí. Bàbá mi àgbà ní kí n yéé fowó ṣòfò, pé ẹsẹ̀ lásán làwọn fi ń sáré nígbà tiwọn. Kí ni kí n ṣe?

Òkun, ọmọ mi. Èmi kò kórìíra òkìrìkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́, òun ni wọ́n fi sáré ní ìdíje ilé ìwé, wọ́n sì gba ife. Tìrẹ ti gbó kó o tó rà á ni, bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́ tó. Bàtà a máa gbó nínú páálí. Irú fóòmù kan wà tí wọ́n ń pè ní polyurethane, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lè wà ní ìpamọ́ fún ọdún púpọ̀ kó ṣì máa dán, àmọ́ kété tí ẹsẹ̀ bá wọ inú rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Gọ́ọ̀mù tó so àtẹ́lẹ̀ mọ́ bàtà náà a máa gbẹ.

Nígbà mìíràn, wo àkọlé inú ahọ́n bàtà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Bí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, èmi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi rà á. Fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó yẹ kó wọlé, kó sì padà. Tó bá le gbagidi, tàbí tí ìlà wínníwínní bò ó, fi í sílẹ̀. Gbé e lé orí tábìlì, kó o bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ó bá fì sí apá kan, bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣe ń tẹsẹ̀ ló rí yẹn, yóò sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ tìrẹ fì bẹ́ẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ wò: ìdí ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti ká, kì í ṣe agbede méjì. Rọra fa etí àtẹ́lẹ̀ níwájú, bóyá gọ́ọ̀mù ti ń ṣí. Tó o bá rà á, fọ̀ ọ́, pààrọ̀ ìtẹ́dìí inú rẹ̀ nítorí èélá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, kó o sì sá a sí ibòji. Lásìkò òjò, mo mọ̀ pé ẹ máa ń gbé bàtà sí ẹ̀gbẹ́ iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ṣe é, ooru yẹn ló ń tú gọ́ọ̀mù.

Èyí tó ṣí yẹn, aránbàtà lè fi òwú rán an yíká. Máa wọ̀ ọ́ lọ sí oko tàbí ọjà, ṣùgbọ́n má fi sáré mọ́.

Kó o sì mọ̀ pé bàtà tuntun gan-an ò wà títí láé. Nǹkan bíi kìlómítà 500 sí 800 ni wọ́n sábà máa ń sọ pé fóòmù rẹ̀ lè gbà. Bí o bá ń sá kìlómítà 5 lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án nìyẹn. Òkìrìkà, ẹlòmíràn ti sá nínú rẹ̀.

Ní ti bàbá àgbà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bá mi kí wọn. Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia, fi ẹsẹ̀ lásán gba wúrà eré maratọ́ọ̀nù ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Róòmù ní 1960, ní wákàtí 2 ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Ní Tokyo ní 1964, ó wọ bàtà, ó lo wákàtí 2 ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11, ó tún gba wúrà. Ẹni tó mọ eré sá ni, yálà ó wọ bàtà tàbí kò wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá àgbà ti le láti kékeré, tìrẹ sì ti wà nínú bàtà láti jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ó bá wù ọ́, bẹ̀rẹ̀ lórí koríko pápá ilé ìwé, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, lẹ́yìn tó o bá ti yẹ ilẹ̀ wò fún àfọ́kù ìgò àti ìṣó. Má fi ẹsẹ̀ lásán sáré lójú títì.

Màmá, Kàbà ni mo wà, mo fẹ́ sáré maratọ́ọ̀nù. Ọ̀nà Obajana ni mo ti ń gbára dì. Ẹni tó ń ta bàtà ní kí n fi ẹsẹ̀ tútù tẹlẹ̀, ó wò ó, ó ní ẹsẹ̀ mi pẹlẹbẹ, pé àfi kí n ra oríṣi kan tó wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kọnkéré tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà yẹn ò sì ní ba orúnkún mi jẹ́?

Àmì ẹsẹ̀ tútù lórí sìmẹ́ǹtì yóò fi bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe rí hàn ọ́, àmọ́ kò lè sọ bàtà tí wàá rà fún ọ. Àwọn olùwádìí dán èyí wò lára àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009 àti 2010. Wọ́n fún àwọn kan ní bàtà gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ṣe rí, wọ́n fún àwọn yòókù ní oríṣi kan náà láìwo ẹsẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń fara pa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benno Nigg ti Yunifásítì Calgary ní Kánádà àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ ní 2015 pé kí eléré yan bàtà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ oríṣi mẹ́ta, sá díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó o gbàgbé pé ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ ni kó o san owó rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ ò bá ti ń dùn ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sí ìdí tí pẹlẹbẹ yóò fi gba owó lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀nà Kàbà sí Obajana tó nǹkan bíi kìlómítà 43, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá maratọ́ọ̀nù dọ́gba, torí kìlómítà 42.195 ni maratọ́ọ̀nù. Mo rí ìdí tó fi wù ọ́. Kọnkéré le ju ọ̀dà lọ, àmọ́ ara a máa mọ́ ọn. Ohun tó ń dá orúnkún àti ojúgun lágara jù ni kéèyàn fo láti kìlómítà 5 sí 20 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fi ọ̀nà oko kún un, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù lójú ọ̀nà yẹn ni tírélà sìmẹ́ǹtì. Kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, má fi òkùnkùn sáré níbẹ̀, má sì fi nǹkan dí etí. Mo bẹ̀ ọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rin, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé kí n ra bàtà pàtàkì fún un? Ìyá ọmọ, Mọ̀pà.

Rárá, ìyá ọmọ. Bó ṣe máa ń rí lára àwọn ọmọdé nìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa ṣeré rẹ̀. Ẹ ní kó fi orí àwọn ìka ẹsẹ̀ dúró: bí kòtò bá yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí wàhálà. Àfi bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún, tó le gan-an, tàbí tó jẹ́ ẹyọ kan ló tẹ́, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ní àtọ̀gbẹ, mo sì fẹ́ máa sáré. Irú bàtà wo ni kí n rà? Bàbá kan, Ẹ̀gbẹ̀.

Bàbá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè pé kí ẹsẹ̀ yan fúnra rẹ̀, ẹ má lò ó. Àtọ̀gbẹ a máa pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, bàtà lè máa gé yín kẹ́ ẹ má mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì sọ bóyá sísáré tàbí rírìn ló yẹ yín. Bí wọ́n bá gbà, bàtà tó fẹ̀ dáadáa níwájú, tí kò ní ojú rírán tó le nínú. Ẹ máa ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ nígbàkígbà, bóyá òkúta wà níbẹ̀. Lálaalẹ́, kí ọmọ tàbí ìyàwó yín tan iná, kó wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín àti àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí egbò, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.