Kí ló ń jẹ́ kí Hilux tí wọ́n gbé ga máa gbọ̀n nísàlẹ̀, báwo la ṣe ń tún un ṣe?

Igun pùròpẹ́là, ìyẹn irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíá lọ sí ásù ẹ̀yìn, ló yí padà. Bẹ́ ẹ bá tún un ṣe, gbígbọ̀n náà sábà máa ń dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ga nítorí ọ̀nà oko tó wà láàárín Kábà àti Ìsánlú, pùròpẹ́là á dagun jù. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi irin tí apá kan rẹ̀ nípọn ju èkejì lọ sáàárín súpíríǹgì àti ásù ẹ̀yìn, kí ẹnu ásù àti ẹnu gíá, níbi tí pùròpẹ́là ti so mọ́ wọn, lè wà lọ́gbọọgba. Pùròpẹ́là tó ní kúróòsì (oríkèé tó ń jẹ́ kí pùròpẹ́là lè tẹ̀ bó ṣe ń yí) méjì lápá gíá yàtọ̀: ẹnu ásù ni yóò kọjú sí gíá tààrà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ kúróòsì wò o. Bí ìpẹtà pupa bí ata lílọ̀ bá yí i ká, ó ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ sítíárì ló ń gbọ̀n, táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.