Ọkọ Mi Ti Ojú Ogun Dé, Ṣùgbọ́n Kò Gbé Ọmọ Wa Rí

ÌBÉÈRÈ
Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Sójà ni ọkọ mi. Oyún ọmọ wa àkọ́kọ́ wà nínú mi nígbà tí wọ́n gbé e lọ sójú ogun, ọmọ náà sì ti ń rìn kó tó dé. Ó ti pé oṣù 5 tó ti wà nílé báyìí. Kò fara pa níbì kankan, ṣùgbọ́n kì í sùn. Bí oorun bá wá gbé e lọ, igbe ni yóò máa ké. Lóru ọjọ́ kan, mo fọwọ́ kàn án pé kí n jí i, ńṣe ló fún mi lọ́rùn kó tó mọ̀ pé èmi ni. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ló ń sùn. Bí ilẹ̀kùn bá ti gbá gbàà, ó ti nà gbalaja sílẹ̀. Èyí tó wá ń pa mí lẹ́kún jù ni pé kò gbé ọmọ yìí rí. Bọ́mọ bá bú sẹ́kún báyìí, ó ti bọ́ síta. Àwọn kan nínú ará ilé rẹ̀ ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é, àwọn mìíràn ní ojo ni, pé àwọn tí wọ́n jọ lọ kò ṣe báyìí. Ṣé orí rẹ̀ ti dàrú ni? Kí ni kí n ṣe?
— Ìyàwó Sójà

ÌDÁHÙN
Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń já ọ láyà jù. Orí ọkọ rẹ kò dàrú, kì í sì í ṣe ojo. Wọ́ọ̀dù àwọn sójà ni mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ yìí, mo ti rí i lára àwọn ọkùnrin tó gbé ẹlẹgbẹ́ wọn léjìká sá kúrò lẹ́nu ìbọn.

Lójú ogun, ẹni tó bá tètè dojú bolẹ̀ nígbà tí nǹkan dún gbàù ló ń yè é. Ẹni tó bá sùn fọnfọn lè má jí. Tọ̀sán-tòru ni ara ọkọ rẹ fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀kọ́ náà ló sì gbé e délé láàyè. Ara kì í tètè gbàgbé ohun tó gbà á là. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn dókítà ń pè é ní PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ohun ẹ̀rù téèyàn là kọjá máa ń fi sílẹ̀ síni lára. Ní 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ náà sínú ìwé àìsàn wọn, lẹ́yìn tí àwọn sójà tó ti ogun Vietnam dé ti pariwo títí. Bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá ti lé ní oṣù kan, tí kò sì jẹ́ kéèyàn gbádùn ayé rẹ̀, ó ti di ohun tí à ń gbé lọ bá dókítà. Oṣù 5 ti pọ̀ jù.

Àwọn tó ń pè é ní ojo, sọ ìtàn yìí fún wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, sójà Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Harry Farr. Ní 1915, ó lo oṣù 5 nílé ìwòsàn nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní shell shock nígbà náà, ìyẹn irú àìsàn ọkọ rẹ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè di kálàmù mú dáadáa, nọ́ọ̀sì ló ń bá a kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa nọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Ó rí ọwọ́ náà, ó mọ̀ pé àìsàn ni. Síbẹ̀ wọ́n dá ọkùnrin náà padà sójú ogun. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1916, ó ní òun kò lè lọ síwájú mọ́. Ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ, kò sí ẹni tó bá a rojọ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Oṣù Kẹwàá. Ẹni ọdún 25 ni. Ọdún 2006 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dárí jì í, òun àti àwọn 305 mìíràn tí wọ́n yìnbọn pa bíi tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 3 nígbà tí wọ́n pa á, ti di ẹni ọdún 93 nígbà náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbé ọmọ wá kí i, á ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, á jókòó lé wọn. A rò pé inú ló ń bí i. Nígbà tó yá ló sọ fún dókítà pé ọwọ́ òun kò mọ́ tó ohun tó ń kan ọmọ. Ohun tí ọwọ́ náà ṣe lójú ogun, mi ò bi í. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé igbe ọmọ tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ni igbe ọmọ wọn ń rán wọn létí. Ọkọ rẹ sì ti fún ọ lọ́rùn lójú oorun: kí lo rò pé ó ń bọ̀ lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó bá wo ọrùn ọmọ rẹ̀? Mi ò gbà pé kò fẹ́ràn ọmọ. Mo rò pé ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń bà á, ìfẹ́ ọmọ náà ló sì ń lé e jáde.

Má fipá gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ìyàwó ọkùnrin yẹn gbọ́n. Ó kàn máa ń jókòó tì í, ọmọ lórí itan tirẹ̀, á jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ náà nà kan bàbá rẹ̀, á sì máa sọ̀rọ̀ òrùlé wọn tó ń jò. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ kan jáde lábẹ́ itan, ó di ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà mú.

Bí o bá fẹ́ jí i, má fọwọ́ kàn án. Tan iná, dúró níhà ẹsẹ̀ rẹ̀, pe orúkọ rẹ̀, kí o sì sọ fún un pé ìwọ ni, pé ilé lẹ wà. Bó ṣe ń sùn nílẹ̀ yẹn, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná, kò túmọ̀ sí pé ó kọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ọmọ sùn tì í. Má bi í pé èèyàn mélòó ló pa, má sì jẹ́ kí àlejò bi í. Ọtí kì í wo àìrí oorun sùn, ńṣe ló ń da oorun òru rú. Oògùn oorun bíi Valium kì í wo àìsàn yìí, ó sì máa ń di bárakú.

Oorun ni kí o fi bẹ̀ ẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọkùnrin tí kò ní gbà láé pé òun nílò dókítà ọpọlọ, á gbà pé òun kò rí oorun sùn. Ìtọ́jú wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Yóò máa jókòó pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ó sábà máa ń tó ìjókòó 8 sí 15, yóò máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an díẹ̀díẹ̀ títí ìrántí náà kò fi ní lágbára lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Oògùn bíi sertraline wà pẹ̀lú. Àìsàn náà lè kọ́kọ́ le sí i kó tó dẹ̀. Sọ fún un ṣáájú, torí ibẹ̀ làwọn kan ti ń sá.

Bí ìbọn bá wà nílé, kí ìbọn náà kúrò nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bi í ní tààrà bóyá ó ti ń rò ó pé kí òun pa ara òun. Ìbéèrè náà kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, má fi òun nìkan sílẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá sì nawọ́ ìjà sí ọ nígbà tí ojú rẹ̀ là, ìyẹn ti kúrò ní ti oorun. Gbé ọmọ rẹ, kí o kúrò níbẹ̀, ká tó máa sọ ti ìtọ́jú. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọrùn rẹ wo àìsàn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
Màmá, èmi ló yẹ kí n ṣọ́nà lóru ọjọ́ tí wọ́n kọlù wá. Ibà ń ṣe mí, ọ̀rẹ́ mi ní kí n sùn, ó lọ dípò mi. Wọ́n pa á. Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun tipẹ́, mi ò sì tíì lè yọjú sí ìyá rẹ̀. Ṣé kí n lọ?
— Ẹni Tó Yè

ÌDÁHÙN
Lọ. Ẹni tó yìnbọn fún un ló pa á, ìwọ kọ́. Ṣùgbọ́n má lọ gbé ẹ̀bi yẹn kalẹ̀ níwájú ìyá pé kó dárí jì ọ́, torí òun tó ń ṣọ̀fọ̀ ni yóò wá di ẹni tó ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni kí o gbé lọ fún un. Àwọn tó wá túfọ̀ ọmọ náà fún un mọ nọ́ńbà ológun rẹ̀ àti ọjọ́ tó kú. Wọn kò mọ ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín, tàbí orin tó máa ń kọ nígbà tó bá ń nu bàtà. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Sọ ti ibà náà fún un pẹ̀lú, ó tọ́ kó mọ̀ pé ọmọ òun dúró fún aláìsàn. Bó bá bínú, jókòó kó bínú tán. Kọ ìwé sí i ṣáájú, kó má jẹ́ pé ó kàn ṣàdédé bá ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá sì ń ṣe ọ́ bíi pé o kò ní lè dá a lọ, mú ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà dání.