Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Onírin: Bíìtì Mẹ́ta Ti Kú Sórí Ọ̀bẹ Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èbúté-Mẹ́ta ni mo wà, èèkù ọ̀bẹ ni mo ń ṣe, igi apá àti ìrókò tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn káfíńtà ni mo fi ń ṣe é. Ìyá olóúnjẹ kan ní Oyingbo gbé ọ̀bẹ ńlá wá, èèkù rọ́bà rẹ̀ ti jẹrà, wọ́n ní kí n bá àwọn fi igi sí i. Ihò kan ṣoṣo ló wà ní ìdí ọ̀bẹ yẹn, mo sì fẹ́ kí ìṣó mẹ́ta wọ̀ ọ́. Bíìtì dírílì mẹ́ta tí mo fi ń lu ihò ti bàjẹ́ báyìí, méjì dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ góòlù tí wọ́n tà fún mi lówó gọbọi, kò sí èyí tó ṣe ju pé ó fá ojú irin yẹn lọ. Alágbẹ̀dẹ kan ní kí n fi iná rọ̀ ọ́. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? (Oníèèkù, Èbúté-Mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, gbé iná yẹn sílẹ̀ ná, a máa padà débẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ṣe mú tó kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ìwọ tó ò ń bá a gbẹ́ ẹ ló wá ń jìyà ẹ̀.

Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí irin ṣe le tó, Rockwell C ni wọ́n ń pè é. Ọ̀bẹ ilé ìdáná olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń wà láàárín 52 sí 56, àwọn tó dáa ń lọ sí 58, 60, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíìtì dúdú tí gbogbo wa ń rà, tí wọ́n kọ HSS sí lára (high-speed steel, irin tí wọ́n fi ń gé irin), bí 62 sí 65 náà ni. Ṣé o rí i pé ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́? Ẹgbẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gé ẹgbẹ́, ńṣe ni wọ́n á kàn máa ha ara wọn, ibi tí wọ́n ti ń ha ara wọn ni ooru á ti mú bíìtì, ẹnu ẹ̀ á kú, ìwọ náà á tún máa tẹ̀ ẹ́ sí i pé bóyá agbára ni kò tó, ó parí. Ti aláwọ̀ góòlù yẹn, àwọ̀ fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, abẹ́ ẹ̀ HSS náà ló wà. Má bínú jàre, èmi náà ti rà á rí.

Kó o tó náwó kankan sí i, mú fàìlì, fi fá ìdí ọ̀bẹ yẹn, kì í ṣe ẹnu ẹ̀ o, ìdí ẹ̀ gan-an níbi tó o ti fẹ́ lu ihò. Tí fàìlì bá jẹ ẹ́, á jẹ́ pé ibẹ̀ rọ̀ díẹ̀, bíìtì kóbáàtì lè ṣe é nìyẹn, yálà M35 tó ní kóbáàtì 5% tàbí M42 tó ní 8%. Jẹ́ kí dírílì máa yí pẹ̀lẹ́, tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kán òróró sí i, má sì jẹ́ kó máa yí lójú kan láì gé nǹkan kan. Àmọ́ tí fàìlì bá ń yọ̀ lórí ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń fá gíláàsì, gbàgbé kóbáàtì, káábàìdì ló kù.

Káábàìdì kì í ṣe irin bí a ṣe mọ irin. Lẹ́búlẹ́bú tungsten carbide ni wọ́n fi kóbáàtì dì pọ̀, ó le ju ọ̀bẹ èyíkéyìí lọ, ṣùgbọ́n bí àwo tánganran ló rí, tọ́wọ́ ẹ bá mì pẹ́ẹ́ báyìí ó ti kán. Èyí tó jẹ́ káábàìdì látòkè délẹ̀, má fi dírílì ọwọ́ lò ó láé, dírílì onídùúró ló fẹ́, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ. Tó ò bá ní in, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ táìsì, ọjà Ọdúnadé ní Orílé kún fún wọn, ní kí wọ́n fún ẹ ní bíìtì tí wọ́n fi ń lu gíláàsì àti táìsì, èyí tí orí ẹ̀ rí bí orí ọ̀kọ̀. Káábàìdì ló wà lórí yẹn, ẹnu ẹ̀ ti mú látilẹ̀, owó ẹ̀ ò sì ga. Á pẹ́ lórí ẹ̀ o, má retí iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bíìtì ògiri náà ní káábàìdì lórí, ẹnu ẹ̀ ló kú torí pé gbígbá ni wọ́n fi ń gbá bíríkì, àfi kó o fi òkúta gíráíńdà aláwọ̀ ewé pọ́n ọn mú, òkúta eléérú lásán ò ràn án. Tó bá jẹ́ dírílì oníhámà lo ní, rí i pé o ti pa hámà ẹ̀ o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbọ̀ọ́ kan péré báyìí o ti padà sí Orílé.

Fi irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ibi tó ò ń lù, torí ìgbà tí bíìtì bá fẹ́ jáde lódìkejì ló máa ń há, ibẹ̀ ló sì máa ń kán sí. Tí bíìtì bá gbóná má rì í sómi lójijì, á sán. Tí NEPA bá wá ṣe tiwọn tí wọ́n mú iná nígbà tí bíìtì ṣì wà nínú ihò, kọ́kọ́ fà á yọ kó o tó tan jẹ̀ń, má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti inú ihò.

Èyí tí mo fẹ́ kó o gbọ́ jù lọ rè é: dè é mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Mushin, mo fọwọ́ òsì di ọ̀bẹ mú mo fi ọ̀tún lù ú, bíìtì há, ọ̀bẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí fáànù, ojú àpá ẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Fi báìsì di ìdí ọ̀bẹ mú tàbí kó o fi kílám̀pù méjì dè é mọ́ tábìlì, fi aṣọ tó nípọn àti téèpù wé ẹnu ẹ̀, wọ gíláàsì ojú, má sì wọ ìbọ̀wọ́ nídìí dírílì tó ń yí, á fà ẹ́ lọ́wọ́ wọlé.

Wàyí o, iná. Alágbẹ̀dẹ yẹn ò purọ́, àmọ́ sípíríǹgì mọ́tò ni irin tó mọ̀. Ìyẹn, tó o bá mú un pọ́n tó o wá fi í sínú eérú kó rọra tutù, ó ti rọ̀ nìyẹn, tó o bá tún fẹ́ kó le àfi kó o rì í sínú òróró tàbí omi. Sítéènlẹ́ẹ̀sì ọ̀bẹ ò nílò òróró kankan, afẹ́fẹ́ tó fún un. Tó o bá mú un gbóná dé bí 1000 degree Celsius, tó pọ́n bí ọsàn, tó o gbé e kalẹ̀ pé kó tutù, yóò tún le padà lójú ẹ báyìí, ìwọ á wá máa rò pé wọ́n fi nǹkan sí i. Ẹni tó bá máa ṣe é, ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni kó jókòó sí, kí ìdí ọ̀bẹ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyín iná tó fẹ́ kú, bí 700 degree náà nìyẹn, kó má kọjá bẹ́ẹ̀, kó wá máa fa iná sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu ọ̀bẹ sì wà nínú abọ́ omi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdí omi yẹn ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n mú un le tán, nǹkan bí 200 degree ni wọ́n fi tún un yan kó má baà máa kán, ooru tó bá ju ìyẹn lọ ti ń ba líle ẹ̀ jẹ́, omi ní tiẹ̀ ò sì lè gbóná ju 100 lọ. Ibi tí iná bá ti kàn tún lè máa dípẹtà lẹ́yìn ọ̀la, pàápàá pẹ̀lú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ Èkó wa yìí àti omi ata tí ìyá olóúnjẹ á máa dà sí i.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní lu ihò kankan rárá. Gíráíńdà ni màá mú, màá fi dísìkì fẹ́lẹ́ gé ojú bí ìlàjì òṣùpá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìdí ọ̀bẹ yẹn, méjì síhìn-ín méjì sọ́hùn-ún, màá máa rì í sómi léraléra kó má gbóná, àwọn ìṣó idẹ á gba ojú yẹn kọjá, gọ́ọ̀mù Araldite á kún inú ẹ̀, igi á bò ó mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ihò kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa di gbogbo ẹ̀ mú kó má yọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Onírin, bàbá àwọn ọmọ ní sítéènlẹ́ẹ̀sì ni sítéènlẹ́ẹ̀sì, pé bí àwọn ṣe lu ìdérí ìkòkò wa náà làwọn máa lu ọ̀bẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ìyá Ìbejì, Lawanson)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí wọn, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ fi kan ọ̀bẹ, á lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá. Ẹ wá fi kan ìkòkò sítéènlẹ́ẹ̀sì, ọ̀pọ̀ ìgbà kò ní lẹ̀ rárá tàbí kó lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ti ìkòkò ní nickel nínú, iná ò lè mú un le láéláé, wàhálà tiẹ̀ ni pé tí bíìtì tó ti kú bá ń ha á, ibi tó ń ha yẹn á máa le sí i. Ti ọ̀bẹ, kábọ́ònù inú ẹ̀ ni wọ́n fi iná mú le látilé iṣẹ́. Harry Brearley tó da irú irin yìí ní Sheffield lọ́dún 1913, tí kurómíọ̀mù inú ẹ̀ jẹ́ 12.8%, ìbọn ló ń wá irin fún, kì í ṣe ọ̀bẹ, wàhálà ló sì kọ́kọ́ jẹ́ fún àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ níbẹ̀. Torí náà ẹ má jẹ́ kí bàbá fi bíìtì ìkòkò ba ọ̀bẹ yín jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ihò ti wà lára ọ̀bẹ mi, ó kàn fi díẹ̀ kéré fún ìṣó ni. Kí ni mo lè ṣe? (S., Ìsàlẹ̀ Èkó)

ÌDÁHÙN: Má fi bíìtì tó tóbi jù ú lọ kàn án, inú ihò ló máa há sí. Lọ sí Ládípọ̀, ra ìpara tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù, kó o wá ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè wọ ihò yẹn, fi ìpara pa á, gbé e sẹ́nu dírílì kó máa yí nínú ihò, máa fà á sókè máa tì í sísàlẹ̀. Ìpara yẹn á máa jẹ bàbà náà kíákíá, paárọ̀ ẹ̀ tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Tó o bá ṣe tán fi kẹrosíìnì fọ ihò náà mọ́ tónítóní, torí ìpara tó bá kù síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí Araldite mú.