Ẹ má tíì sanwó tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ọmọbìnrin yín ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, pé èdè Yorùbá ló fẹ́ kà níbẹ̀, àti pé orúkọ ìwé tí wọ́n kọ fún un pé kó rà gùn gbọọrọ. Ẹ ní owó rẹ̀ ń já yín láyà, ẹ sì ń rò ó pé kí ẹ kúkú ra tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kan kó máa fi ka gbogbo rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó bọ́gbọ́n mu.

Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba ipò gbogbo ìwé mọ́ ọmọ yẹn lọ́wọ́, ẹ má sì sanwó láìjẹ́ pé ẹ ti fi ìwé Yorùbá dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ná mi lówó, ó sì ná mi lóorun, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ gùn.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé girama ní Ọ̀yọ́. Ọmọ ọdún 46 ni mí nígbà tí mo padà sí yunifásítì ní Ìbàdàn láti lọ gba oyè kejì. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọ mọ́tò lọ, ìwé inú báàgì mi sì wúwo débi pé okùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì. Ojú mi náà ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn. Bí mo bá mú ìwé, màá na ọwọ́ títí kò ní sí ibi tí yóò nà dé mọ́, lẹ́tà kò sì ní fara hàn síbẹ̀.

Àbúrò mi ló bá mi ra tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ oní-íǹṣì 7 ní Computer Village, Ìkẹjà. Alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí ìtàn àròsọ kan lórí rẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ Aa sí, mo ń sọ lẹ́tà di ńlá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ìlà mẹ́sàn-án péré lójú ẹ̀rọ. Mo rí gbogbo rẹ̀ ketekete, láìwo jígí, láìtan àtùpà. Àkùkọ kọ bá mi lórí ìwé náà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ka ìtàn kan tán lálẹ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé e fún màmá mi, tí wọ́n ti lé ní ọdún 75, tí wọ́n ti sọ pé Bíbélì ti di ohun tí ọmọ-ọmọ ń kà fún wọn gbọ́. Mo sọ lẹ́tà di ńlá, mo ṣí Sáàmù 121. Wọ́n fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́, wọ́n kà á fúnra wọn dé òpin, wọ́n sì ní kí n má gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ yìí kò wúlò, ojú kò tíì yọ olúwarẹ̀ lẹ́nu ni.

Ìyà mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ìwé gidi dé. PDF ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń rí gbà lórí WhatsApp. Ẹnì kan ló gbé ìwé síwájú kámẹ́rà, tó ya á ní ojú-ìwé méjì méjì, tí ẹ ó sì rí àtàǹpàkò rẹ̀ ní igun. Àwòrán lásán ni irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ńlá, ìlà á yọ jáde kúrò lójú ẹ̀rọ. Ẹ ó fà á sí òsì kí ẹ lè rí òpin ìlà, ẹ ó tún fà á padà kí ẹ tó rí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Mo ka ojú-ìwé 60 báyìí lọ́jọ́ kan, orí fọ́ mi di ọjọ́ kejì. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní EPUB kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gan-an ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà bí lẹ́tà bá ṣe ń tóbi, ìlà á máa tún ara rẹ̀ tò láti bá ojú ẹ̀rọ mu. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi kí n tó rà á, ó sì ṣe pàtàkì ju orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ lọ.

Láti igun dé igun ni wọ́n ti ń wọn ojú ẹ̀rọ. Íǹṣì 7 tí wọ́n ń pariwo yẹn, ìdábùú rẹ̀ kò tó íǹṣì 4 lórí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ewé A4 fẹ̀ ju íǹṣì 8 lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó fún ìtàn tó wà ní EPUB. Ọmọ tó máa ka PDF kò gbọdọ̀ lo ohun tó kéré sí íǹṣì 10.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àmì ohùn, nítorí ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín fẹ́ kọ́ ló kàn gan-an. Ọkọ ló fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ la fi ń kọ ebè, ọkọ̀ là ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń jù. Lórí ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́, n kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Nínú ìwé kan, àmì fi fáwẹ́lì tó ni ín sílẹ̀, ó lọ gun kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e. Nínú òmíràn, àpótí kékeré tó ṣófo ló jókòó síbi tó yẹ kí ẹ́ àti ọ̀ wà. Mo ṣí ìwé oríkì kan báyìí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo fẹ́ kà á sókè fún wọn, àpótí ni mo rí láti ìlà kìn-ín-ní dé ìkẹta. Oríkì tí mo ti mọ̀ lórí ni mo fi gba ara mi lọ́jọ́ náà.

Mo wádìí ìdí rẹ̀ nígbà tó yá. Unicode ni ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, á àti è náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo; ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà, kó mú àmì, kó gbé ọ̀kan ka orí èkejì. Bí fọ́ǹtì inú ẹ̀rọ, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà tó ń lò, kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, àmì á ṣubú síbi tó bá wù ú. Fọ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n wà, ọ̀fẹ́ sì ni: Gentium láti ọwọ́ SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, àti Noto láti ọwọ́ Google. Áàpù ìwé kíkà tó bá gbà kí ẹ fi fọ́ǹtì tiyín sí i ni kí ọmọ yín lò.

Wàhálà kan náà ló wà nídìí wíwá ọ̀rọ̀. Ìwé kan wà tó jẹ́ pé orí àrọ̀fọ̀, irú ewì kan, ló dá lé látòkèdélẹ̀. Mo tẹ “àrọ̀fọ̀” sínú àpótí ìwádìí, ẹ̀rọ ní kò sí nínú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ náà sì rèé níwájú mi! Ẹni tó tẹ ìwé náà to lẹ́tà àti àmì rẹ̀ lọ́nà kan, bọ́tìnnì ẹ̀rọ tèmi tò ó lọ́nà mìíràn, ojú ẹ̀dá kò sì lè rí ìyàtọ̀. Ọgbọ́n tí mo wá ń ta ni pé mo máa ń da ọ̀rọ̀ náà kọ láti inú ìwé ọ̀hún gan-an, màá wá lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìwádìí. Ìgbà yẹn ló máa ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná. Alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò mi kan, ó ti di ọjọ́ kejì tí a kò rí iná NẸ́PÀ. Ẹ̀rọ ní bátìrì ku 31 nínú ọgọ́rùn-ún, mo fọkàn balẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, kò sì jí mọ́. Bátìrì tó ti gbó máa ń parọ́ iye tó kù bẹ́ẹ̀. Gbogbo ibi tí mo ti fàlà sí, gbogbo ohun tí mo ti kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà fún oṣù mẹ́ta, inú rẹ̀ ló wà. Mo gbé ṣájà lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dún, ó sì dá mi lóhùn tayọ̀tayọ̀, Ọlọ́run á bù kún un. Agogo kan òru ni mo tó tún rí ìwé mi. Ẹ̀rọ náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìkejì tí mo rà bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì, ojú rẹ̀ sán wẹ́wẹ́, iye tí wọ́n ní kí n fi pààrọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi ra odidi ẹ̀rọ. Àkọsílẹ̀ mi bá a lọ, nítorí n kò tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn. Mo sunkún lórí ìyẹn. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi. Kí ọmọ yín má fi ẹ̀rọ sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó bá ń gba iná, kó má sì gbé e sínú oòrùn, ooru ló ń yára pa bátìrì.

Ní ti ìdánwò fúnra rẹ̀, bébà ni mo fọwọ́ sí. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 54 jọ, àwọn tó kópa nínú wọn sì lé ní ènìyàn 170,000. Wọ́n rí i pé ẹni tó ka ìwé ẹ̀kọ́ lórí bébà lóye rẹ̀ ju ẹni tó kà á lójú ẹ̀rọ lọ, pàápàá bí àkókò bá há. Ti ìtàn àròsọ kò fi ìyàtọ̀ hàn. Ohun tí èmi náà rí lára mi nìyẹn. Nínú yàrá ìdánwò, mo rántí àlàyé kan lórí ìpàrójẹ, ìyẹn bí a ṣe ń pa ìró kan jẹ nínú ọ̀rọ̀, nítorí mo mọ ibi tó wà: ojú-ìwé apá òsì, nísàlẹ̀, níbi tí epo ẹ̀wà ti kán sí i. Mo fẹ́ rántí èyí tí mo kà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, n kò rí ibi tí màá dì mú. Gbogbo ojú-ìwé ibẹ̀ ló jọra. WhatsApp tó ń dún láàárín ìlà kò sì jẹ́ kí ọkàn pa pọ̀.

Kí ọmọ yín má sì fi tábúlẹ́ẹ̀tì kàwé lórí ibùsùn. Àwọn oníṣègùn kan ní Boston ní kí ènìyàn 12 máa ka ìwé lórí iPad, tábúlẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ Apple, kí wọ́n tó sùn fún alẹ́ márùn-ún, kí wọ́n sì ka bébà fún márùn-ún mìíràn. Àsìkò iPad ni oorun pẹ́ kó tó kùn wọ́n. Ní tèmi, ó pẹ́ ju tiwọn lọ.

Ìwé tí ẹ bá rà lórí ẹ̀rọ kì í ṣe tiyín pátápátá o. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ Amazon yọ ìwé òǹkọ̀wé George Orwell kan kúrò lórí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ti sanwó ìwé náà, ó dá owó wọn padà. Lọ́dún 2019, Microsoft ti ìsọ̀ ìwé rẹ̀ pa, ìwé tí àwọn ènìyàn rà níbẹ̀ sì kò ṣeé ṣí mọ́. Bébà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì wà lórí àga mi. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ nípa PDF ìwé Yorùbá tí wọ́n ń pín kiri lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Àwọn tó ń kọ ìwé ní èdè wa kò pọ̀, ohun tí wọ́n ń rí nídìí rẹ̀ kò tó nǹkan, a ò gbọdọ̀ tún jí i mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ èmi, màá ra ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìdánwò dá lé ní bébà, kódà kó jẹ́ àlòkù láti ọwọ́ àwọn tó ti ṣetán. Ìtàn àròsọ, ìwé atúmọ̀ èdè àti ìwé tó fẹ́ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan péré ni màá fi sílẹ̀ fún tábúlẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ tẹ gbólóhùn yìí sí ẹ̀rọ náà: Ọkọ mi gbé ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí àpótí, tàbí àmì tó gun k, ẹ ní kó gbé òmíràn wá. Ẹ wo iye bátìrì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wà ní títàn fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tún wò ó. Bó bá ti já wálẹ̀ gan-an, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí EPUB Yorùbá kan lórí rẹ̀. Mo ní ọ̀kan tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀, àrọ̀fọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi ló wà níbẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ sọ́jà, màá ti fi ránṣẹ́ sí yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.