Òrí ló kàn, kì í ṣe asúnwọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi pé ọdún méjì. Ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ àti ibi tí apá rẹ̀ ti ń ká ń yún un, ó dúdú, ó sì gbẹ. Ẹlẹ́wé ọmọ kan ní kí n gún ewé asúnwọ̀n òyìnbó mọ́ ọṣẹ dúdú. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyí tí mo ti ń fi wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. (Ìyá ọmọ, Múṣín)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ewé náà kò burú, àìsàn mìíràn ló wà fún. Làpálàpá ni asúnwọ̀n òyìnbó ń pa. Làpálàpá a máa rí roboto bí òrùka, etí rẹ̀ á ga, àárín rẹ̀ á máa mọ́, ó sì máa ń ràn. Èyí tí ẹ ṣàlàyé yìí kì í ràn, ibi tí ara ti ń ká ló fẹ́ràn. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Eczema ni àwọn dókítà ń pè é. Lára àwa aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, ńṣe ló máa ń ṣú tàbí kó dà bí eérú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣì í mú fún làpálàpá.

Awọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè di omi ara rẹ̀ mú. Ọṣẹ dúdú sì rèé, omi eérú ni wọ́n fi sè é: pH awọ wa (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó) kò ju bíi 5 lọ, ti ọṣẹ dúdú sábà máa ń wà láàárín 9 sí 10. Ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù lára ọmọ náà ni ẹ ń fọ̀ dànù láàárọ̀ lálẹ́.

Ẹ dá méjèèjì dúró lónìí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú 5 sí 10 lọ. Ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà ni kí ẹ lò, abíyá, ìdí àti ẹsẹ̀ nìkan ni kó kàn. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á rárá. Ẹ fi táwẹ̀lì tẹ omi kúrò lára rẹ̀, kí ara ṣì tutù díẹ̀, kí ìṣẹ́jú 3 tó pé ẹ ti fi òrí pa á. Ṣíbí tíì 3 sí 4 ni fún gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń fi ìka kan tọ́ òrí bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Kò lè tó láé. Sísàlẹ̀ ni kí ọwọ́ máa lọ, bí irun ara ṣe sùn, torí bí ẹ bá ń rin ín sókè sódò, òrí á dí ihò irun, kókó á sì sọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ẹ fi díẹ̀ sí inú apá rẹ̀ kan, kí ẹ sì wò ó fún ọjọ́ 2.

Bí ó bá ṣì ń yún un, ewé etí erin (aloe vera) ṣeé lò níbi tí kò bó. Ẹ gé e, ẹ dà á kọ́ ní ìdúró fún ìṣẹ́jú 15 kí oje pupa rúsúrúsú inú rẹ̀ kán tán (oje yẹn ló ń ta ara), kí ẹ tó bó o, kí ẹ sì ṣan ohun tó ń yọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti dongoyáró, ẹ má fún ọmọ ní òróró rẹ̀ mu lọ́nàkọnà: ó lè fa gìrì, ó sì lè pa ọmọdé.

Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣomi, tàbí ìléròrò kéékèèké bá ń yọ lójijì tó ń dùn ún, tí ibà sì wà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí yín.

Ìbéèrè: Òrí tí mo yọ́ mọ́ òróró àgbọn máa ń di horo bí gàrí. (Ẹni tó ń ta ìpara, Èbúté Mẹ́ta)

Ìdáhùn: Ó pẹ́ kó tó tutù ni. Ọ̀rá kan nínú òrí máa ń dì ṣáájú èkejì, òun ló ń di horo. Ẹ yọ́ òrí nínú abọ́ tí ẹ gbé lé omi gbígbóná, ìwọ̀n òrí 3 sí òróró 1. Bó bá ti yọ́ tán, ẹ gbé abọ́ náà sínú omi oníyìnyín, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki, kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ike. Èyí tó ti di horo kò bàjẹ́, àtẹ́lẹwọ́ á yọ́ ọ. Àmọ́ ẹ má da omi ewé sí i o, á bu.

Ìbéèrè: Wọ́n po ìpara ewé kan fún mi. Ọjọ́ 2 péré, ìyún lọ. Mo jáwọ́, ó padà pẹ̀lú agbára, ojú mi sì ti ń mọ́ ju ọrùn lọ. Oṣù 4 ni mo ti ń lò ó. Ṣé kí n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á? (Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ìdáhùn: Ọsàn wẹ́wẹ́ kọ́. Omi rẹ̀ àti oòrùn bá pàdé lára, ó ń jó awọ, àpá dúdú rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó lọ. Ní ti ìpara náà, ewé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé steroid líle (oògùn òyìnbó tó ń pa ìyún àti wíwú ara) bíi clobetasol tàbí betamethasone ló wà nínú rẹ̀. Ó ń mú awọ fẹ́lẹ́, ó sì ń mú un fọ́ bíi ti aboyún. Ẹ wo ike náà bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Oṣù 4 ti pọ̀ jù láti kàn jáwọ́ lójijì: dókítà awọ ni yóò sọ bí ẹ ṣe máa dín in kù. Ẹ má da èyí tó kù nù, ẹ gbé e dání lọ.