Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Kúlà Òde Àríyá Di Ìkòkò Ìpọntí

Ìbéèrè láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń pọn bíà nílé pẹ̀lú omi mọ́ọ̀tì (ọkà tí a mú hù tí a sì sá gbẹ) inú agolo, èyí tí ilé iṣẹ́ ti bá wa sè sílẹ̀. Mo wá fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń pe ìkòkò onírin dídán tí wọ́n fi ń rẹ ọkà ju agbára mi lọ. Ǹjẹ́ mo lè fọwọ́ ara mi ṣe é? Ṣé kò sì lòdì sófin?

Ìdáhùn: Kò lòdì sófin rárá. Láti ọdún 1963 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mú ìwé àṣẹ kúrò lọ́rùn ẹni tó bá ń pọn bíà tí òun fúnra rẹ̀ yóò mu nílé; títà ni ẹ kò gbọdọ̀ tà á.

Ní ti irinṣẹ́, kí ẹ tó yọ owó lápò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ìkòkò olówó ńlá yẹn ń ṣe. Iṣẹ́ méjì péré ni: ó ń pa ooru mọ́, ó sì ń sẹ́ omi kúrò lára èérí. Nínú ọkà báálì tí a mú hù tí a sì sá gbẹ ni àwọn ẹńsáìmù kan wà tí ń sọ sitáàṣì di ṣúgà, bí omi tí a fi rẹ ọkà náà bá wà láàárín 65 sí 68 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún bíi wákàtí kan. Bí ooru bá já wálẹ̀ jù, iṣẹ́ wọn yóò fà. Bó bá sì kọjá 75, wọn yóò kú kí iṣẹ́ wọn tó parí. Nítorí náà, kúlà oníke tí ẹ fi ń kó ohun mímu tútù lọ sóde àríyá ti tó, nítorí ohun tí kì í jẹ́ kí ooru ìta wọlé ni kò ní jẹ́ kí ooru inú jáde. Ẹ wá èyí tó gba nǹkan bíi lítà 25 sí 30, tó sì ní ihò ìdaminù nísàlẹ̀.

Asẹ́ ni ó gba sùúrù. Ẹ ra họ́ọ̀sì kúkurú tí àwọn púlọ́ńbà fi ń so páìpù mọ́ ẹ̀rọ omi, èyí tí wọ́n fi wáyà irin tí kì í dípẹtà hun lára, kí ẹ sì fi ayùn irin gé orí rẹ̀ méjèèjì sọnù. Ẹ má fa wáyà náà o. Ńṣe ni kí ẹ tì í láti ìdí síwájú, bí ẹni ń ti apá bùbá sókè kó lè fọṣọ. Yóò fẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ yóò sì yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí ẹnu wáyà yẹn mú bí abẹ́rẹ́. Wáyà híhun tó ṣófo tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín ni asẹ́ yín. Ẹ ká orí rẹ̀ kan po lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ, kí ẹ sì de orí kejì mọ́ ìdí táàpù tí ẹ ti fi rọ́pò ìdérí ihò kúlà. Òye tó wà nínú ajere tí àwọn ìyá wa ń lò náà ló wà nínú èyí: kí omi ráyè, kí ọkà má ráyè.

Fún bíà lítà 20, kílò ọkà 4.5 tí a ti lọ̀ wóróworo, tí a kò lọ̀ kúnná, ti tó. Ẹ kọ́kọ́ da omi gbígbóná díẹ̀ sínú kúlà kí ara rẹ̀ lè gbóná, kí ẹ dà á nù, lẹ́yìn náà kí ẹ bu lítà 12 omi tó wà ní 73 sí i, kí ẹ sì máa ro ọkà náà wọ inú rẹ̀. Bí ọkà tútù bá ti wọ inú omi, ooru yóò rọ̀ wálẹ̀ sí bíi 66. Ẹ dé e pa. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ṣí táàpù díẹ̀, kí ẹ fi igbá gba omi tó kọ́kọ́ jáde, kí ẹ sì rọra dà á padà sórí ọkà títí yóò fi mọ́ kedere. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, mo ṣí táàpù náà tán pátápátá, ọkà náà sì lẹ̀ mọ́ asẹ́ típẹ́típẹ́, kò sì sí ẹ̀kán omi kan tó tún jáde mọ́. Bí okùn òwú ni kó máa ṣàn. Ọkà yóò mu bíi lítà 4.5 nínú omi náà, kò sì ní dá a padà. Torí náà, ẹ tún fi omi tí ooru rẹ̀ kò ju 80 lọ ṣàn án nígbà méjì, lítà 8 tàbí díẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì ní nǹkan bíi lítà 24 tí ẹ ó gbé kaná fún wákàtí kan pẹ̀lú hops, òdòdó tó ń mú bíà korò.

Ẹ má lo garawa onísíńkì rárá, nítorí kíkan inú ọtí yóò máa jẹ síńkì náà wọ inú ohun tí ẹ ó mu. Ẹ má sì ra kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó rọ̀ lówó tó.

Ìbéèrè láti Ògbómọ̀ṣọ́: Mo fi ọkà bàbà tí mo mú hù dípò ọkà báálì nínú kúlà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò dùn tó, asẹ́ náà sì dí. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣe ohun tí kò tọ́, ọkà náà ló yàtọ̀. Sitáàṣì ọkà bàbà kì í wú tán títí ooru yóò fi dé àárín 68 sí 78, nígbà tí ẹńsáìmù ti ń kú lọ. Òun ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de mọ́ọ̀tì báálì ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1988, àwọn ilé iṣẹ́ bíà ńláńlá gan-an ní láti tún iṣẹ́ wọn kọ́.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ìkòkò kan ni ẹ ó fi kún kúlà yín. Ẹ po ìyẹ̀fun ọkà híhù náà mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 45, kí ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tó tòrò lórí ni ẹńsáìmù wà. Ẹ rọra bù ú sínú kúlà, kí ẹ sì se ìdí rẹ̀ títí yóò fi dì bí ẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ náà rọlẹ̀ sí bíi 80, kí ẹ wá máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú omi inú kúlà, kí ẹ máa rò ó, títí òṣùwọ̀n yóò fi dúró sí 65. Ẹ̀kọ ni kí ẹ bù sínú omi o, ẹ má da omi sínú ẹ̀kọ, kí ẹńsáìmù má baà jóná lójijì.

Asẹ́ yín dí nítorí pé èèpo ọkà báálì ni ó ń ṣe asẹ́ fún ara rẹ̀, ọkà bàbà tí a ti pa kò sì ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì ni kí ẹ lò níbí, kí ẹ rán an bí àpò ńlá, kí ẹ gbé e kọ́, kó sì máa ro fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó lọ ọkà híhù tó ti gbẹ náà, ẹ fọwọ́ ra á dáadáa, kí ẹ fẹ́ gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ dànù, torí inú wọn ni èròjà tí ń di májèlé sáyánáìdì máa ń wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí.

Ìbéèrè láti Houston, Amẹ́ríkà: Báwo ni mo ṣe lè mú omi ọkà sísè tutù kíákíá láìra ẹ̀rọ?

Ìdáhùn: Ẹ ra páìpù bàbà rírọ̀ tó fẹ̀ tó mílímítà 10, kó gùn tó mítà 10. Ẹ rọ iyọ̀ kíkúnná kún inú rẹ̀ kó má baà ṣẹ́, kí ẹ ká a mọ́ ara ìkòkò kékeré kan, kí ẹ sì fi omi ṣan iyọ̀ náà jáde tónítóní. Ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ orí méjèèjì, ẹ tì í bọ inú omi ọkà nígbà tí ìsè bá ku ìṣẹ́jú 15 kí ooru lè pa kòkòrò ara rẹ̀. Bí ẹ bá ti pa iná, ẹ ṣí omi sí i. Lásìkò ooru, omi ẹ̀rọ yín yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì ní gbé e kọjá ibì kan. Bó bá ti rọlẹ̀ dé bíi 40, ẹ gbé gbogbo ìkòkò náà sínú ọpọ́n olómi yìnyín títí yóò fi dé 20, kí ẹ tó da ìwúkàrà sí i. Omi tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì gbóná débi pé ó lè bó ènìyàn lára, torí náà kí ọmọdé má sún mọ́ ọn. Ẹ gbà á sínú garawa, òun ni ẹ ó fi fọ kúlà.