Màmá Ní Àwọn Ò Fẹ́ Nǹkan Kan: Ìbéèrè Yín Lórí Kérésìmesì

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, àwa ọmọ ilẹ̀ Okun ní Kogi, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń di ẹrù láti wálé. Ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń bẹ́, àwọn ọmọdé ti ń fi ìka ka ọjọ́. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ti owó ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, owó ìrẹsì, owó mọ́tò, owó aṣọ ọmọ, mi ò fojú kéré ẹ̀ rárá torí ọjà kan náà ni gbogbo wa jọ ń ná. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta kan wà tí mo kà tí mo tún kà, àwọn yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìjùmú ni mí, Àbújá ni mò ń gbé. Ọdọọdún ni mò ń wálé fún Kérésì, ṣùgbọ́n tí mo bá délé, ọjọ́ mẹ́rin péré ni, ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìkówójọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ló ń gba gbogbo ẹ̀ tán. Màmá mi ti lé ní 70. Mo bi wọ́n lórí fóònù pé kí ni kí n rà fún wọn lọ́dún yìí, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan, kí n ṣáà wá jókòó ti àwọn ká jọ bó ẹ̀gúsí. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ṣé kí n ra fìríìjì ni àbí aṣọ?*

Àbúrò mi, màmá ẹ ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ kedere, ìwọ ni ò gbà pé nǹkan gidi ni wọ́n béèrè.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀gúsí bíbó, torí àwọn tó jẹ́ èyí tí wọ́n ti bó ni wọ́n ń rà lọ́jà lè má mọ̀. Ọwọ́ máa ń dí, ojú máa ń wà lórí atẹ, ẹnu nìkan ló ráyè, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ò lè jáde níbòmíràn máa ń jáde níbẹ̀. Ẹ ò wo ara yín lójú, ẹ ò sì kánjú torí ẹ̀gúsí kì í tètè tán, èèpo ń já bọ́, ọyẹ́ ń fẹ́ ẹ kiri àgbàlá, tẹ́ ẹ bá sì ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ẹnì kan á ṣáà sọ nǹkan. December kan báyìí, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ méjì nígbà yẹn, èmi àti màmá mi jókòó sẹ́yìnkùlé wa ní Kabba à ń bó ẹ̀gúsí ọbẹ̀ Kérésì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kàn sọ ọ́, wọn ò gbójú sókè, pé ọdún tí mo fẹ́ ṣe WAEC, aṣọ tí ìyá àwọn hun fún àwọn làwọn tà fi san owó ìdánwò mi. Ọmọ Bùnú ni ìyá wọn, ẹ sì mọ àwọn obìnrin Bùnú nídìí òfì, aṣọ tí ìyá hun fún ọmọ ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń tà. Èmi ò mọ̀ rí! Bàbá mi ni mo rò pé ó san án, bàbá mi ni mo tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún nígbà náà bí ọkùnrin torí inú mi dùn kọjá ààlà. Mo gbé atẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gúsí yẹn, mo ní ẹ ṣé mà, wọ́n ní "dìde jàre, èyí tá a bó ò tíì tó ìkòkò kan." Ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Tí mo bá lọ jókòó síbòmíràn lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Wọn ò bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá má mọ̀ títí dòní.

Mi ò ní kó o má lọ ìpàdé o. Ìpàdé ló tún òrùlé ilé ìwé ṣe, ìpàdé ló ra tiransfọ́mà, ẹni tó bá ń fojú tín-ínrín ìpàdé ìlú kò mọ ibi tí ìlú ti ń wá. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Jésù wò sàn nínú Lúùkù orí 17? A máa ń bú àwọn mẹ́sàn-án yẹn ṣáá, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án yẹn ò kúkú lọ ibi burúkú, ọ̀dọ̀ àlùfáà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ni wọ́n ń lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i lójú ọ̀nà pé ara òun ti yá, tó ní ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́kọ́ padà lọ dúpẹ́. Ohun tí mo ń sọ fún ẹ nìyẹn, kó o kọ́kọ́ padà. Gbogbo ibi tó kù, wọ́n á ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, wá kó tó di 23. Tètè gbéra, má rìn lóru, láti Lọ́kọ́ja o máa gba Ọbàjánà, kìlómítà 43 tí wọ́n fi kọnkéré ṣe yẹn á sì gbé ẹ dé Kabba láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ 24, kó o jí kí màmá tó jí, mo mọ̀ pé ó ṣòro torí àwọn ìyá wa kì í sùn pẹ́, ṣùgbọ́n gbìyànjú ẹ̀. Dá iná. Gbé omi kaná. Ti iṣu kan bọ iná, bu epo sínú abọ́ kékeré kó o fi iyọ̀ sí i. Tí wọ́n bá jáde wá tí wọ́n rí ẹ nídìí iná, wọ́n á pariwo pé kí lo ń ṣe, kó o ní ẹ jókòó mà. Fóònù ẹ, fi sínú yàrá. Tí wọ́n bá wá pè ẹ́ láti ìpàdé, ní màmá dá ẹ dúró, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà nílẹ̀ wa torí ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá jókòó tẹ́ ẹ ń bó ẹ̀gúsí, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n má sọ pé "ẹ ṣé fún gbogbo ẹ̀." Ẹ ṣé fún gbogbo ẹ̀ yẹn, ìyẹn la fi ń sọ̀rọ̀ níbi tí máíkì bá wà. Mú ọ̀kan. Ta ló ń gbé omi gbígbóná sílẹ̀ fún ẹ nígbà ọyẹ́ kó o tó lọ sílé ìwé? Ta ló ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ẹ lálẹ́ kó má bàa sán? Mú ọ̀kan ṣoṣo kó o pè é lórúkọ, "màmá, ẹ ṣé fún omi gbígbóná yẹn." Wọ́n lè ní àwọn ò rántí. Wọ́n rántí. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "àná" inú ẹ̀ ni mo fẹ́ kó o wò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá fún wa ní nǹkan lónìí, a ó dúpẹ́, ilẹ̀ á tún mọ́ wọ́n á tún rán wa padà pé ẹ lọ kí wọn, ẹ ní ẹ ṣé àná. Ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ẹ̀ báyìí, àláàtì á wọlé, èèyàn á fi "mo ti rí i" ránṣẹ́, ó parí. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Ní ti fìríìjì, bi wọ́n léèrè ná bóyá iná ń dúró lọ́dọ̀ wọn. Súwẹ́tà kan àti flásíkì tó dára lè wúlò fún wọn jù lásìkò yìí.

*Ẹ kú ọdún o mà. Tíṣà ni mí ní Isanlu. Mùsùlùmí ni àwọn aládùúgbò wa, kò sí Iléyá tí wọn kì í gbé ẹran wá fún wa, abọ́ ńlá ni o. Mo fẹ́ gbé oúnjẹ Kérésì fún wọn lọ́dún yìí, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní wọn ò ní jẹ ẹ́, kí n má fi oúnjẹ ṣòfò. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣe ohun tó máa bí wọn nínú.*

Gbé e lọ, ìyá. Ọ̀rọ̀ ẹran ló wà níbẹ̀, kò sí òmíràn, bí wọ́n ṣe pa á ni wọ́n máa fẹ́ mọ̀. Nítorí náà, má dá pa adìyẹ yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lọ bá bàálé ilé yẹn, kí wọn dáadáa, ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa pa adìyẹ lọ́la. Wọ́n á dárúkọ Ọlọ́run sí i, wọ́n á pa á bó ṣe yẹ, ìwọ náà á sì fi ọkàn balẹ̀ sè é. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin máa ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí ìkòkò àti ọ̀bẹ ẹ̀ má jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn.

Ní àdúgbò wa, bàbá Àlàájì kan wà ní iwájú ilé wa, kó tó di pé ẹnikẹ́ni lọ pè wọ́n láàárọ̀ Kérésì wọ́n ti dé, ọ̀bẹ wọn lọ́wọ́, wọ́n ti pọ́n ọn. Àwa ọmọdé la máa ń di ẹsẹ̀ adìyẹ mú, ẹ̀rù á máa bà wá, wọ́n á máa dápàárá fún wa kí ẹ̀rù lè lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á kí bàbá mi kú ọdún, wọ́n á wúre. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ "ẹ kú ọdún," ohùn bàbá yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́, kì í ṣe ti pásítọ̀ kankan. Nílẹ̀ wa yìí, kò sí ilé tí o máa wọ̀ tí o ò ní bá ẹni tó ń lọ mọ́ṣáláṣí àti ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, kí àwọn tó ń kó ẹ láyà jẹ rántí bẹ́ẹ̀.

Má sì fi nylon gbé oúnjẹ yẹn lọ o. Abọ́ Iléyá tí wọ́n fi gbé ẹran wá, tó ṣì wà nínú kíṣìnnì yín títí di báyìí, òun ni kó o fọ̀ kó o bu oúnjẹ sí.

*Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ mi. Egbe ni mo wà. Màmá mi kú lóṣù August, Kérésì àkọ́kọ́ tí mi ò ní gbọ́ ohùn wọn rèé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pe gbogbo ènìyàn síwájú láti wá dúpẹ́ ìparí ọdún, gbogbo wọn ló ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Mi ò rí ọpẹ́ kankan nínú mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?*

Ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á dá ìyókù sí.

Tí wọ́n bá pe àwọn ènìyàn jáde tí ẹsẹ̀ ẹ ò gbé ẹ, jókòó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fà ẹ́ dìde. Láti 1908 tí Titcombe, ajíhìnrere òyìnbó yẹn, ti gbé ìyìn rere dé Egbe, Kérésì tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì lè sí ọ̀kan nínú gbogbo ẹ̀ tí ẹnì kan ò jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tó ń sunkún nígbà tí àwọn yòókù ń jó. Àwọn yẹn náà wà nínú ìsìn, ẹkún wọn ò lé wọn jáde.

Èmi ò ní sọ fún ẹ pé kó o dúpẹ́. Màá kàn sọ bó ṣe rí fún èmi. Màmá tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè yẹn, ọdún tí wọ́n lọ, mi ò se nǹkan kan ní Kérésì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sùn. Ọjọ́ kejì ẹ̀, mo wọ yàrá ìkẹ́rùsí wọn láti wá iyọ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó sílẹ̀, nínú nylon, wọ́n ti ta kókó sí i lẹ́nu, kókó tí àwọn nìkan mọ̀ ọ́n ta, tó máa ń le tí gbogbo wa máa ń fi eyín tú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ tú u torí tí mo bá tú u kò sí òmíràn mọ́. Ó pẹ́ gan-an kí n tó tú u, mi ò já a, mo tú u ni.

Mo lọ̀ ọ́, mo sè é, mo gún iyán. Ìyá àgbàlagbà kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa tí màmá mi máa ń bu oúnjẹ fún lọ́dọọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Mo gbé e lọ. Wọ́n tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá dárúkọ màmá mi. Èmi ò tíì sọ fún wọn pé ẹ̀gúsí wọn ni. Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé Olúwa, o ṣé, mi ò mọ̀ pé mo máa sọ ọ́, ẹkún ni mo fi sọ ọ́.

Torí náà, tó o bá ní agbára ẹ̀, wo inú ilé yín, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ ibùsùn, nínú garawa. Ó lè jẹ́ èlùbọ́, ó lè jẹ́ ata gbígbẹ, ó lè jẹ́ ọṣẹ tí wọ́n gé sọ́nà méjì, nǹkan kan ṣáà máa wà níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn ti kàn. Tí o ò bá lè ṣe é lọ́dún yìí, fi sílẹ̀, màmá ẹ ò ní bínú. Ṣùgbọ́n tó o bá ṣe é, gbé díẹ̀ lọ fún ẹni tí wọ́n máa ń bù fún, kó o wá kọ̀wé sí mi lóṣù January, kó o sọ fún mi ta ni, àti ohun tí wọ́n sọ.